Èso Dídì Nínú Ilé

Ọ̀pọ̀ òbí a máa ra omi ṣúgà dídì aláwọ̀ pupa fún ọmọ, nígbà tí máńgòrò ń jẹrà lábẹ́ igi lẹ́yìnkùlé wọn. Èyí kò bọ́gbọ́n mu. Máńgòrò pípọ́n ní adùn tirẹ̀. Kò béèrè ṣúgà. Kí ìyá ilé fọ ọwọ́ àti èso, kí ó bó èèpo rẹ̀, kí ó gún un kúnná, kí ó sì gbé e sínú fíríìsà di ọjọ́ kejì. Ṣùgbọ́n kí ẹnikẹ́ni má ṣe tan ara rẹ̀ jẹ: òtútù kì í pa gbogbo kòkòrò àrùn. Bí ó bá fẹ́ bu omi sí i, kí ó jẹ́ èyí tí ó ti hó lórí iná. Ìyá tí ó bá ṣe bẹ́ẹ̀ ti ṣọ́ owó ná, ó sì ti dáàbò bo ọmọ rẹ̀ lọ́wọ́ ìgbẹ́ gbuuru.