A Kì Í Fá Orí Lẹ́yìn Olórí

Ẹ̀yin ará wa nílé iṣẹ́ àti lórí ọkọ̀,

Wọ́n ní kí gbogbo ayé kọ èédú ilẹ̀ sílẹ̀. A kò bá wọn jiyàn. Èéfín rẹ̀ ń ba ẹ̀dọ̀fóró jẹ́, ó ń mú ayé gbóná, omi òkun sì ń ga sí i. Àwa tí a ń gbé etí òkun Àgbádárìgì kò lè fi ìyẹn ṣeré. Ìbéèrè wa ni pé: ẹrù ta ni ìyípadà yìí yóò jẹ́?

Ẹ wo Enugu. Ní 1915 ni wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí wa èédú níbẹ̀. Èédú yẹn ló ń fa rélùwéè, òun ló ń tan iná Èkó láti Ìjọ́rà. Ní ọjọ́ 18 oṣù kọkànlá 1949, àwọn awakùsà Iva Valley ń jà fún owó wọn, ọlọ́pàá yìnbọn pa 21 nínú wọn. Nígbà tó yá, rélùwéè gba díísù, iná wa gba omi Kainji ní 1968 àti gáàsì Egbin ní 1985. Kùsà dákẹ́. Ta ló bi awakùsà pé kí ni yóò jẹ?

Ní Jámánì, ẹgbẹ́ òṣìṣẹ́ jókòó nínú ìgbìmọ̀ èédú ní 2018. Òfin 2020 ya bílíọ̀nù 40 yúrò sọ́tọ̀ fún àwọn agbègbè èédú, ó sì fún wọn láyè títí di 2038. Ẹ má pè é ní àánú ọ̀gá. Òṣìṣẹ́ tó wà níbi ìpàdé ló rí i gbà.

Ohun tó bá ojú ló bá imú. Gáàsì tó ń lọ sí Kùtọnu, Lómé àti Tema ń gba etíkun wa kọjá ní Àjídò. Lónìí, gáàsì ni wọ́n ń yìn. Wọ́n ti ń sọ fún awakọ̀ pé kó yí ẹ́ńjìnnì rẹ̀ sí i. Lọ́la, wọn yóò ní ayé gáàsì ti kọjá.

Nítorí náà, a ń béèrè pé:

1. Kí aṣojú wa wà níbi ìpàdé kí wọ́n tó ti géètì kankan.
2. Kí wọ́n kọ́ wa níṣẹ́ tuntun, kí owó oṣù má dúró.
3. Kí wọ́n san owó ìfẹ̀yìntì pé kí ẹ̀rọ tó dákẹ́.
4. Kí awakọ̀ má fi àpò ara rẹ̀ yí ẹ́ńjìnnì.

Ẹ má dúró di ọjọ́ tí wọ́n bá lẹ ìwé mọ́ géètì. Ẹ wá sí ìpàdé ẹ̀ka. Ìṣọ̀kan ni agbára wa!