Lẹ́yìn Iṣẹ́ Abẹ Ìfun: Oògùn Wo, Oṣù Mélòó?

Ọ̀rọ̀ tí mo mú wá lóṣù yìí kì í ṣe ti èlé. Láàárín ọdún kan, ìwé owó yíyá méjì ló ti dé orí tábìlì mi tí a kọ sí pé "kímò lẹ́yìn iṣẹ́ abẹ jẹjẹrẹ ìfun ńlá". Ohun tí mo sì ń gbọ́ lẹ́nu àwọn onígbọ̀wọ́ ni pé, "Ẹ jẹ́ kí wọ́n fún wọn ní èyí tó le jù, kí wọ́n gbà á pé oṣù mẹ́fà gbáko, owó la ó wá." Inú rere ni wọ́n fi sọ ọ́. Èmi kò fara mọ́ ọn. Kò sí oníṣòwò tí í ra ọjà nítorí pé ó wọ́n. Èrè orí rẹ̀ là ń wò, àti ohun tí yóò bàjẹ́ lọ́nà.

Ẹ jẹ́ ká mọ ohun tí kímò ń wá ná. Bí oníṣẹ́ abẹ bá gé ibi tí jẹjẹrẹ wà nínú ìfun kúrò, ó máa ń kó àwọn kókó kéékèèké tó wà lẹ́bàá rẹ̀ mọ́ ọn, wọn a sì yẹ̀ wọ́n wò. Bí jẹjẹrẹ bá ti wọ inú kókó wọ̀nyẹn, tí kò tíì dé ẹ̀yà ara mìíràn, ìpele kẹta nìyẹn. Ó ṣeé ṣe kí èyí tí ojú kò rí ti sá pamọ́ síbì kan nínú ara. Òun ni oògùn náà ń dọdẹ. Ẹni tó wà ní ìpele kìíní kò nílò rẹ̀. Ti ìpele kejì, dókítà ni yóò wò ó bóyá ó yẹ. Èsì àyẹ̀wò yẹn ló yẹ ká kọ́kọ́ bèèrè, ká tó bèèrè iye owó.

Àgbà nínú àwọn oògùn náà ni fluorouracil, tí wọ́n ń pè ní 5-FU. Abẹ́rẹ́ ni, ó sì ti wà láti 1957. Capecitabine ni ti oníhóró: a ó gbé e mì, inú ara ni yóò ti di 5-FU. Ẹlòmíràn á ní, "Hóró lásán? Abẹ́rẹ́ ló ń ṣiṣẹ́ jàre." Kò rí bẹ́ẹ̀. Wọ́n fi méjèèjì wéra lára aláìsàn 1,987, èsì rẹ̀ jáde ní 2005, oníhóró kò sì rẹ̀yìn rárá.

Oxaliplatin ni èkejì, tí a ń fà sí iṣan pẹ̀lú omi. Àfikún ni, kì í dá rìn. Bó bá bá 5-FU rìn, FOLFOX lorúkọ àpapọ̀ wọn. Bó bá bá capecitabine rìn, CAPOX ni. Ìwádìí kan tí wọ́n ń pè ní MOSAIC, tí èsì rẹ̀ jáde ní 2004, kó aláìsàn 2,246 jọ. Lẹ́yìn ọdún mẹ́ta, nínú ẹni 100 tí wọn kò fún ní oxaliplatin, nǹkan bí 73 ló wà láàyè tí jẹjẹrẹ kò padà. Nínú 100 tó gba FOLFOX, nǹkan bí 78. Márùn-ún yẹn kì í ṣe kékeré bí ìyá ẹni bá wà nínú wọn.

Ṣùgbọ́n ẹ gbọ́ ohun tó ń gbà lọ́wọ́ ẹni. Oxaliplatin a máa pa ìmọ̀lára ọmọ ìka ọwọ́ àti ti ẹsẹ̀. Omi tútù á máa gún ni lọ́fun bí abẹ́rẹ́, irin tútù kò ní ṣeé dì mú. Ti òtútù yìí máa ń lọ láàárín ọjọ́ díẹ̀. Ṣùgbọ́n bí a ti ń gbà á sí i ni kíkú ìka ń pọ̀ sí i, ti ẹlòmíràn kì í sì í lọ tán. Ẹ wá wo ẹni tó ń ta ẹja yìnyín, tó ń ti ọwọ́ bọ fìríìsà láti àárọ̀. Ẹ wo aránṣọ, ẹ wo onídìrí, ẹ wo ẹni tó ń ka owó nínú òkùnkùn ọjà alẹ́, tó jẹ́ pé ìka ló fi ń mọ náírà. Bí ìka bá kú, kí ni wọn yóò fi san owó tí wọ́n yá lọ́wọ́ wa? Dókítà lè má mọ iṣẹ́ tí ẹ ń ṣe bí ẹ kò bá sọ.

Ọ̀rọ̀ oṣù mẹ́fà ló kù. Ní 2018, èsì ìwádìí ńlá kan jáde, IDEA lorúkọ rẹ̀: ìwádìí mẹ́fà tí wọ́n pa pọ̀, láti orílẹ̀-èdè 12, aláìsàn ìpele kẹta 12,834. Àwọn kan gba FOLFOX tàbí CAPOX fún oṣù mẹ́ta, àwọn kan fún mẹ́fà. Lẹ́yìn ọdún mẹ́ta, àwọn tí àìsàn kò padà sí lára jẹ́ 74.6 nínú 100 fún oṣù mẹ́ta, 75.5 fún oṣù mẹ́fà. Kò tó ẹyọ kan. Ní ti ìka kíkú tó kọjá eré, 45 sí 48 nínú 100 ni ti oṣù mẹ́fà. Ti oṣù mẹ́ta, 14 sí 17. Àwọn olùwádìí kò sọ pé oṣù mẹ́ta tó fún gbogbo ènìyàn o. Ibi tó ti fẹsẹ̀ múlẹ̀ ni CAPOX, fún ẹni tí jẹjẹrẹ rẹ̀ kò tíì la ìfun já síta, tí kò sì wọ ju kókó mẹ́ta lọ: oṣù mẹ́ta níbẹ̀ jẹ́ 85, oṣù mẹ́fà jẹ́ 83. Ẹni tí tirẹ̀ ju bẹ́ẹ̀ lọ, tó sì ń gba FOLFOX, oṣù mẹ́fà ló ṣì dára jù fún un. Ẹni tó ti lé ní 70 ọdún ńkọ́? Oxaliplatin kì í fi bẹ́ẹ̀ fi èrè kún un. Kí wọ́n bi dókítà bóyá oníhóró nìkan kò tó.

Ní ọjà wa níhìn-ín, CAPOX ni n ó kọ́kọ́ ní kí ẹ bi dókítà léèrè. Ọ̀sẹ̀ méjì méjì ni FOLFOX, wọn a sì máa fa 5-FU rẹ̀ sí ni lára fún wákàtí 46. Oṣù mẹ́fà jẹ́ ìgbà 12. CAPOX, ọ̀sẹ̀ mẹ́ta mẹ́ta. Oṣù mẹ́ta jẹ́ ìgbà mẹ́rin péré. Ẹ ṣírò owó ọkọ̀, ẹ ṣírò ọjọ́ tí ìsọ̀ yóò wà ní títì. Capecitabine náà ní tirẹ̀: àtẹ́lẹwọ́ àti àtẹ́lẹsẹ̀ lè máa bó, ìgbẹ́ gbuuru lè dá ni dúbúlẹ̀. Kò sì yẹ ẹni tó ń gbàgbé oògùn, nítorí àárọ̀ àti alẹ́ lẹ́yìn oúnjẹ ni, fún ọjọ́ 14, kí a sinmi ọjọ́ 7. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ má mu àgbo mọ́ ọn láìsọ fún dókítà. Bí ara bá sì gbóná nígbà tí ẹ ń gba èyíkéyìí nínú wọn, ẹ má pè é ní ibà lásán, ilé ìwòsàn lójú ẹsẹ̀.

Èyí tó kan ẹgbẹ́ gan-an ni àkókò. Ó yẹ kí kímò bẹ̀rẹ̀ láàárín ọ̀sẹ̀ mẹ́jọ lẹ́yìn iṣẹ́ abẹ. Bó bá ti ń pẹ́ ni èrè rẹ̀ ń dín. Ìgbìmọ̀ owó yíyá wa ń jókòó lẹ́ẹ̀kan lóṣù. Bí ìwé bá dé lọ́jọ́ kejì ìjókòó, oṣù kan ti lọ. Bí onígbọ̀wọ́ kan bá rìnrìn àjò, ó di méjì. Mo fẹ́ kí ìpàdé gbogbogbòò tó ń bọ̀ gbà pé kí alága, akápò àti akọ̀wé lè fọwọ́ sí owó ìtọ́jú láàárín ọjọ́ méje, bí ẹni náà bá mú ìwé dókítà wá tó sọ orúkọ oògùn àti iye ìgbà. Kí a máa san án díẹ̀díẹ̀ bí ìgbà oògùn ṣe ń kò, kí sísan padà sì bẹ̀rẹ̀ ní oṣù mẹ́ta lẹ́yìn tí ìtọ́jú bá parí. Àwọn kan yóò ní oníjìbìtì á rí ọ̀nà wọlé. Ìdí nìyẹn tí mo fi ní kí ó jẹ́ ilé ìwòsàn la ó san owó náà fún. Ẹni tó bá ní ọ̀nà tó dára ju èyí lọ, kó kọ ọ́ ránṣẹ́ sí mi kó tó di ọjọ́ ìpàdé.