Gbàǹjo Géèmù àti Ọgbọ́n Ìnáwó

Kò sí ẹni tí ó gbé ìlú ńlá rí ní ilẹ̀ Yorùbá tí kò mọ ohùn àwọn oníṣòwò tí wọ́n ń lu agogo, tí wọ́n sì ń ké "Gbàǹjo! Gbàǹjo!" lẹ́bàá ọ̀nà, tí ẹsẹ̀ ẹni tí kò ní ohunkóhun í rà tẹ́lẹ̀ fi máa ń yà síbẹ̀, tí ọwọ́ rẹ̀ a sì ti wọ àpò kí ọkàn rẹ̀ tó rò ó dáadáa. Gbàǹjo tí mo fẹ́ bá yín sọ lónìí, inú fóònù àti kọ̀ǹpútà ni ó ń gbé. Géèmù ni wọ́n ń tà níbẹ̀, àwọn ọ̀dọ́ wa, àti àgbà tí ó fẹ́ràn eré pẹ̀lú, ni ó sì ń gba owó lọ́wọ́ wọn jù lọ. Ohun tí mo ní í wí kò ju ẹyọ kan lọ: ẹ̀dínwó a máa dín iye tí a kọ sára ọjà kù, ṣùgbọ́n kì í dín àkókò tí a ó fi gbá géèmù náà kù, bẹ́ẹ̀ ni kò lè sọ ohun tí a kò fẹ́ di ohun tí a fẹ́. Ajé ògúgúlùsọ̀, tí tọmọdé tàgbà ń wá kiri, kì í bá ẹni tí ó bá gbàgbé èyí gbé pẹ́.

Ní ọdún 2003 ni ilé iṣẹ́ Valve, tí ibùjókòó rẹ̀ wà ní Bellevue ní ìpínlẹ̀ Washington ní Amẹ́ríkà, dá Steam sílẹ̀, èyí tí ó ti di ọjà géèmù kọ̀ǹpútà tí òkìkí rẹ̀ kàn jù lọ láyé. Ní oṣù kejì ọdún 2009, Gabe Newell, ọ̀kan nínú àwọn tí ó dá Valve sílẹ̀, dìde níwájú àwọn tí wọ́n jọ ń ṣe iṣẹ́ géèmù, ó sì rò fún wọn bí wọ́n ti dín owó Left 4 Dead, géèmù tí ó jáde ní oṣù kọkànlá ọdún 2008, sí ìdajì fún òpin ọ̀sẹ̀ kan ṣoṣo, tí títà rẹ̀ sì fi ìdá 3,000 nínú ọgọ́rùn-ún gbéra sókè, tó bẹ́ẹ̀ tí ó fi borí ìgbà tí géèmù náà ṣẹ̀ṣẹ̀ jáde. Ó fi kún un pé nígbà gbàǹjo ọdún Kérésìmesì tí ó ṣáájú, àwọn tí ó dín owó géèmù wọn kù ní ìdá 10 nínú ọgọ́rùn-ún rí i pé owó tí ń wọlé fún wọn fi ìdá 35 pọ̀ sí i, nígbà tí àwọn tí ó gé ìdá 75 kúrò rí i pé tiwọn fi ìdá 1,470 pọ̀ sí i. Owó tí ó wọ àpò ni ó ń sọ, kì í ṣe iye ẹ̀dà tí a tà. Ẹni tí ó bá gbọ́ èyí yóò mọ̀ pé ẹni tí ó yọ ìdá mẹ́ta nínú mẹ́rin owó ọjà rẹ̀ kò ṣe wá lóore kankan. Iṣẹ́ rẹ̀ ni ó ń ṣe, ó sì mọ̀ ọ́n ṣe.

Bí obìnrin kan bá ń ta tòmátì ní gbàǹjo nígbà tí oòrùn bá ń wọ̀, a mọ ohun tí ó fà á: bí ilẹ̀ bá mọ́, ọjà rẹ̀ lè ti jẹrà. Géèmù kì í jẹrà, kì í tán lórí àtẹ, ẹni tí ó bá sì ta ẹ̀dà kan lè ta ẹgbẹ̀rún sí i láìlọ oko lọ kórè òmíràn. Síbẹ̀ wọ́n á gbé aago sí ojú ẹ̀rọ, aago náà á sì máa ka wákàtí tí ó kù fún wa, kí àyà wa lè máa já. Bẹ́ẹ̀ náà ni ó rí pẹ̀lú ìnájà, nítorí ní ọjà tiwa, ẹni tí ó fẹ́ rà ni ó ń dá owó lé e, ṣùgbọ́n nínú gbàǹjo géèmù, ẹni tí ń tà ti bá wa ná an tán kí a tó dé: ó kọ dọ́là 60, ó fa ìlà sí i nínú, ó kọ 15 sí abẹ́ rẹ̀, ó sì fi àwọ̀ ewé kọ iye tí ó gé kúrò sí ẹ̀gbẹ́, kí inú wa lè máa dùn bí ẹni pé ọgbọ́n wa ni ó já owó náà wálẹ̀. Láti ọdún 1974 ni àwọn onímọ̀ méjì, Amos Tversky àti Daniel Kahneman, ti fi hàn pé iye tí ojú ènìyàn bá kọ́kọ́ rí a máa fa èrò rẹ̀ sọ́dọ̀ ara rẹ̀. Lójú ẹni tí ó ti rí 60, 15 dà bí ọ̀fẹ́. Kò sì ní í rántí bi ara rẹ̀ léèrè bóyá òun ìbá fi dọ́là 15 ra géèmù yìí bí kò bá sí 60 tí a kọ́kọ́ kọ.

Kí ni ó ń ti ẹ̀yìn irú ìrajà bẹ́ẹ̀ yọ? Ní ọdún 2014, ìwé ìròyìn orí ayélujára Ars Technica yẹ àkọsílẹ̀ àwọn oníbàárà Steam wò, ó sì rí i pé nínú ọgọ́rùn-ún géèmù tí ó wà lórúkọ wọn, nǹkan bí 37 ni ẹnikẹ́ni kò ṣí wò rí láti ọjọ́ tí ó ti dé ọwọ́ wọn. Kì í ṣe ẹ̀dínwó nìkan ni ó fà á lóòótọ́, ṣùgbọ́n àwọn baba wa ti wí pé ohun tí a kò bá jìyà fún kì í tọ́jọ́, bẹ́ẹ̀ ni géèmù tí a rà nítorí pé owó rẹ̀ wálẹ̀ sì rí. Ẹ jẹ́ kí a ṣírò rẹ̀: ẹni tí ó ra géèmù mẹ́wàá ní dọ́là márùn-ún márùn-ún, tí ó wá gbá ẹyọ kan péré nínú wọn, dọ́là 50 ni ó ra ẹyọ kan náà, bí ó tilẹ̀ ń fi ìdùnnú sọ fún ọ̀rẹ́ pé dọ́là márùn-ún ni.

Èmi kò wí pé ẹ̀dínwó burú. Akẹ́kọ̀ọ́ tí kò lè san dọ́là 60 láéláé ti ipa rẹ̀ gbá eré tí ó wù ú, ọ̀pọ̀ géèmù àtijọ́ tí ayé ti gbàgbé sì ti tún rí ẹni tí yóò gbá wọn. Ohun tí mo ń wí ni pé kí iyì géèmù fúnra rẹ̀ jẹ wá lógún ju iye tí a gé kúrò lọ. Àwọn Wube Software ní ìlú Prague, tí wọ́n ṣe Factorio, kò gbà láti ta géèmù wọn ní gbàǹjo rárá. Àní ní oṣù kìn-ín-ní ọdún 2023 wọ́n gbé owó rẹ̀ láti dọ́là 30 sí 35, síbẹ̀ àwọn tí ó mọ iyì rẹ̀ kò yéé rà á.

Ìkánjú pẹ̀lú kò ní ìdí mọ́. Nígbà kan rí, ẹ̀dínwó oníwákàtí díẹ̀ wà lórí Steam tí ó ń dá oorun mọ́ ènìyàn lójú, ṣùgbọ́n láti gbàǹjo ìgbà ìkórè ọdún 2015 ni wọ́n ti pa á tì, tí iye tí a bá ní ọjọ́ kìn-ín-ní gbàǹjo fi ń wà bẹ́ẹ̀ títí di ọjọ́ ìkẹyìn. Ìgbà mẹ́rin lọ́dọọdún ni gbàǹjo ńlá ń bọ̀ níbẹ̀, wọ́n sì ń kéde ọjọ́ rẹ̀ ṣáájú. Ogún ọdún ń bọ̀ wá ku ọ̀la. Ohun tí a kò rà lónìí yóò tún padà dé, àfàìmọ̀ kí ó má tún dínwó sí i.

Ẹni tí ó bá sì ń rà á tò pamọ́ fún ọjọ́ iwájú, kí ó mọ irú ohun tí ó ń tò. Láti ọjọ́ kìn-ín-ní oṣù kìn-ín-ní ọdún 2025 ni òfin ìpínlẹ̀ California ti ní kí àwọn tí ń ta irú ọjà yìí máa sọ ọ́ kedere pé àṣẹ láti lò ó ni oníbàárà ń rà, kì í ṣe ọjà gan-an. Àwọn tí ó ra The Crew, géèmù eré ìje ọkọ̀ tí Ubisoft gbé jáde ní ọdún 2014, fi ojú ara wọn rí i nígbà tí ilé iṣẹ́ náà pa ẹ̀rọ tí ó gbé e ró ní òpin oṣù kẹta ọdún 2024, tí géèmù tí wọ́n ti sanwó fún sì di ohun tí kò ṣeé ṣí mọ́.

Àwa tí a wà ní ilé ní tiwa tún ní ẹrù méjì í rù kún un. Dọ́là ni Steam fi ń bu owó fún àwa ará Nàìjíríà. Géèmù dọ́là 15 tí ó jẹ́ nǹkan bí ₦7,000 kí wọ́n tó tú náírà sílẹ̀ kí ọjà máa dá iye lé e ní oṣù kẹfà ọdún 2023 ti ju ₦20,000 lọ láàárín ọdún 2024, bẹ́ẹ̀ ẹ̀dínwó ìdá 75 kan náà ni wọ́n kọ sí i. Lẹ́yìn èyí ni dátà: Red Dead Redemption 2 nìkan ń fẹ́ àyè 150 gígábáìtì, kò sì sí ẹni tí ó ń ta dátà ní gbàǹjo fún wa nítorí pé a ra géèmù ní ọ̀pọ̀. Ìwọ̀n eku ni ìwọ̀n ìtẹ́.

Nítorí náà, ẹ̀yin ènìyàn mi, ẹ kọ orúkọ géèmù tí ó wù yín sílẹ̀ nígbà tí kò sí gbàǹjo, kí ẹ sì kọ iye tí ẹ lè san fún un sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀; bí gbàǹjo bá dé, ẹ má ṣe wo ohun tí kò sí nínú ìwé náà. Ẹ lọ wo SteamDB, níbi tí a ti ń rí iye tí géèmù ti jẹ́ láti ẹ̀yìn wá, kí ẹ lè mọ̀ bóyá ẹ̀dínwó náà ní láárí. Ẹ bi ara yín pé, "Ṣé n óò gbá a lọ́sẹ̀ yìí?" Bí ìdáhùn bá jẹ́ rárá, ẹ fi í sílẹ̀. Bí ẹ bá sì ti rà á, ẹ tètè ṣí i wò, nítorí láti oṣù kẹfà ọdún 2015 ni Steam ti ń dá owó padà fún ẹni tí ó bá béèrè kí ọjọ́ mẹ́rìnlá tó pé, tí kò sì tíì gbá a tó wákàtí méjì. Ẹ̀yin òbí, ẹ má ṣe fi nọ́ńbà káàdì báńkì yín sílẹ̀ sínú ẹ̀rọ tí ọmọdé ń lò.

Ajá tí yóò sọnù kì í gbọ́ fèrè ọdẹ, ṣùgbọ́n ẹni tí ó bá gbọ́ yóò jàǹfààní. Ẹ jẹ́ kí a máa ra ohun tí a ó gbá, kí a máa gbá ohun tí a rà, kí a sì jẹ́ kí ìyókù wà lórí àtẹ di gbàǹjo mìíràn.