Májèlé Kọ́ Ni Oògùn Ológbò Ọgbà Ilé Ẹ̀kọ́

Ní àárọ̀ ọjọ́ Ajé kan ní sáà ẹ̀kọ́ tó kọjá, òkú ológbò mẹ́fà ni a kó lẹ́yìn ilé gbígbé àwọn akẹ́kọ̀ọ́bìnrin ní yunifásítì tí mo ti ń kàwé. Mẹ́ta nínú wọn kò tíì pé oṣù mẹ́ta láyé. Ẹnì kan ló po oògùn eku mọ́ ẹja, tó sì dà á sínú abọ́ tí àwa fúnra wa fi ń bọ́ wọn. Adìẹ méjì tí ìyá olóúnjẹ ń sìn jẹ níbẹ̀, àwọn náà kú. Bàbá agbálẹ̀ ló bá wa gbẹ́ kòtò tí a sin wọ́n sí. Nígbà tó ṣe tán, ó fi ẹ̀yìn ọwọ́ nu òógùn ojú rẹ̀, ó ní, "Ẹ̀yin ọmọ wọ̀nyí, ṣé ẹ ò rí ènìyàn tọ́jú ni?"

A kò rí èsì fọ̀ lọ́jọ́ náà. Ilé ẹ̀kọ́ kò wádìí ẹni tó po májèlé. Ìwé tí wọ́n lẹ̀ mọ́ ògiri ní ọjọ́ kejì ni pé ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ bọ́ ẹranko nínú ọgbà mọ́. Mo fẹ́ dá bàbá lóhùn báyìí, kí n sì dá àwọn tó lẹ ìwé náà lóhùn pẹ̀lú.

Àwa mẹ́rin ni à ń bọ́ àwọn ológbò náà. Kò sẹ́ni tó rán wa níṣẹ́, kò sì sẹ́ni tó ń sanwó fún wa. Ọ̀rẹ́ mi kan ló bẹ̀rẹ̀ rẹ̀ nígbà tí a wà ní ọdún kìíní: ó ń bẹ àwọn ìyá olóúnjẹ ní búkà pé kí wọ́n má da ìfun ẹja àti egungun nù. Lẹ́yìn náà ni oníkálukú wa bẹ̀rẹ̀ sí í dá ₦500 lọ́sẹ̀ fún ẹja ṣàwá. Ohun tí à ń ṣe kò ju bẹ́ẹ̀ lọ. Síbẹ̀, orúkọ tí wọ́n sọ wá ní họ́sítẹ́ẹ̀lì ni "ẹgbẹ́ àjẹ́".

Ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ bi ara wa: ta ló kó ológbò dé ọgbà ilé ẹ̀kọ́? Ológbò kì í já bọ́ láti ojú ọ̀run. Òṣìṣẹ́ kan mú un wá sílé nítorí eku. Nígbà tó fẹ̀yìn tì, ó kó bẹ́ẹ̀dì, ó kó fíríìjì, ó fi ológbò sílẹ̀. Akẹ́kọ̀ọ́ kan ra ọmọ ológbò, ó fi í pamọ́ sábẹ́ bẹ́ẹ̀dì, ó ya fọ́tò rẹ̀ sórí Instagram; nígbà tí sáà parí, ó di báàgì rẹ̀, ó wọkọ̀ lọ sílé. Àwọn tí à ń pè ní ológbò aláìnílé yìí, inú ilé ènìyàn ni àwọn tàbí ìyá wọn ti jáde. Àwa la tì wọ́n síta, àwa náà la tún ń bínú pé wọ́n wà níta.

Ẹ̀sùn àjẹ́ ni mo máa kọ́kọ́ fèsì sí, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ó ti sú mi. Wọ́n ní ológbò ń ké lóru bí ọmọ ọwọ́. Òótọ́ ni, ó ń ké bẹ́ẹ̀. Abo tó ń wá akọ ló ń ké, àwọn akọ tó ń jà nítorí rẹ̀ náà ń ké. Bí a bá tẹ akọ lọ́dàá, tí a sì ṣe iṣẹ́ abẹ fún abo kí ó má lè lóyún mọ́, igbe náà á rọlẹ̀. Àjẹ́ wo ni ọ̀bẹ dókítà ẹranko ń wò sàn? Wọ́n tún ní ojú rẹ̀ ń tàn lókùnkùn. Ẹ tan tọ́ọ̀ṣì sójú màlúù tàbí àgbò lóru, ẹ ó rí i pé tiwọn náà ń tàn. Nǹkan fẹ́lẹ́ kan wà nínú ẹ̀yìn ẹyinjú wọn tó ń dá ìmọ́lẹ̀ padà. N kò tíì gbọ́ kí ẹnikẹ́ni pe àgbò iléyá ní àjẹ́.

Ẹ̀sùn àìsàn yàtọ̀. Èyí lẹ́sẹ̀ nílẹ̀. Ológbò lè kó àrùn dìgbòlugi, bí ó bá sì bu ènìyàn jẹ, ó lè kó o ràn án, àrùn náà sì ń pa ènìyàn. Ẹni tó ń bẹ̀rù èyí kì í ṣe aláìmọ̀kan. Ṣùgbọ́n abẹ́rẹ́ àjẹsára wà fún un, wọ́n sì lè gún un fún ológbò ní ọjọ́ kan náà tí wọ́n bá ṣe iṣẹ́ abẹ fún un. Májèlé ńkọ́? Á pa èyí tó ti gba abẹ́rẹ́ pọ̀ mọ́ èyí tí kò gbà, àjèjì tí kò gba nǹkan kan á sì wá jókòó sí àyè wọn, torí oúnjẹ ṣì wà níbẹ̀. Ààtàn ẹ̀yìn búkà kò kú pẹ̀lú àwọn ológbò mẹ́fà náà.

Inú ààtàn yẹn kan náà ni eku ń gbé. Eku ló ń gbé ibà Lassa kiri, ibà tí wọ́n fi orúkọ ìlú Lassa ní ìpínlẹ̀ Borno pè láti 1969. Àwọn ará Ọ̀wọ̀ ní ìpínlẹ̀ Oǹdó mọ ohun tí ojú wọn ti rí lọ́wọ́ rẹ̀. N kò sọ pé ológbò ló máa gbà wá lọ́wọ́ Lassa o. Kíkó ìdọ̀tí àti dídé oúnjẹ ló ṣáájú. Ṣùgbọ́n àwọn àgbà ní bí ológbò bá kúrò nílé, ilé á di ilé eku, ààtàn tí a ń sọ yìí sì ti lé ní ọ̀sẹ̀ mẹ́ta tí wọn kò tíì kó o.

Wọ́n ti gbìyànjú ọ̀nà mìíràn níbì kan, wọ́n sì kọ èsì rẹ̀ sílẹ̀. Ní Yunifásítì Central Florida ní ìlú Orlando, ní Amẹ́ríkà, àwọn tó yọ̀ǹda ara wọn bẹ̀rẹ̀ sí í mú ológbò ọgbà ní 1991. Àgò ni irú wọn fi ń mú ológbò: wọ́n á fi oúnjẹ sínú rẹ̀, ilẹ̀kùn á sì pa dé nígbà tí ológbò bá wọlé. Wọ́n á gbé e lọ fún iṣẹ́ abẹ. Wọ́n á wá ilé fún èyí tó bá mọ́ ènìyàn lára. Èyí tó ń sá fún ènìyàn, wọ́n á dá a padà síbi tí wọ́n ti mú un, wọ́n á sì máa bọ́ ọ. Láàárín ọdún mọ́kànlá, ológbò 155 ni wọ́n kọ sílẹ̀ pé ó gbé inú ọgbà náà. Lẹ́yìn 1995, wọn kò rí ọmọ ológbò kankan níbẹ̀ mọ́. Nígbà tó fi máa di 2002, 23 péré ló kù. Julie Levy àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ tẹ àbọ̀ ìwádìí náà jáde ní 2003. Kì í ṣe ìtàn àlọ́: àwọn kan kú, àwọn kan di àwátì, wọ́n sì fi abẹ́rẹ́ pa àwọn mìíràn. Ṣùgbọ́n nǹkan bí ìdajì ló rí ilé gbé. Ẹ̀yin tí ẹ kò fẹ́ fi ojú kan ológbò, ẹ tún nọ́ńbà yẹn kà. Nínú 155, 23 ló kù, kò sì sẹ́ni tó po májèlé mọ́ ẹja.

Ẹni tó bá ní àṣà òyìnbó nìyẹn, kí ó bi bàbá bàbá rẹ̀ ohun tí wọ́n ń ṣe fún òbúkọ kí ó lè sanra, kí òórùn rẹ̀ sì dínkù. Títẹ ẹran lọ́dàá kì í ṣe àjèjì sí Yorùbá. Ìyàtọ̀ ibẹ̀ ni pé dókítà á fún ológbò ní oògùn oorun kí ó má baà jẹ̀rora. Àwọn tó ń kọ́ iṣẹ́ náà kò sì jìnnà sí wa: ẹ̀ka ìmọ̀ ìṣègùn ẹranko wà ní Yunifásítì Ìbàdàn, ó wà ní FUNAAB ní Abẹ́òkúta. Akẹ́kọ̀ọ́ tó ń kọ́ iṣẹ́ abẹ nílò ẹranko tó máa fi kọ́ ọ lábẹ́ ojú olùkọ́ rẹ̀. Àwa ní ẹranko tó nílò iṣẹ́ abẹ. Mọ́tò kan àti lẹ́tà kan ló wà láàárín wa.

Mo gbọ́dọ̀ bá àwa fúnra wa wí pẹ̀lú. Ọdún méjì la fi bọ́ wọn láìronú nípa iṣẹ́ abẹ. Ológbò méje di mọ́kàndínlógún lójú wa, inú wa ń dùn, à ń sọ wọ́n lórúkọ. Abo ológbò lè lóyún kí ó tó pé oṣù mẹ́fà, oyún rẹ̀ kò ju bí oṣù méjì lọ, bí ó bá sì ń yó dáadáa, àwọn ọmọ rẹ̀ á máa yè. Ẹja tí à ń rà ló ń di ọmọ ológbò. Bóyá iye tí ẹni yẹn rí ló bà á lẹ́rù tó fi lọ ra oògùn eku, àwa la sì mú iye náà pọ̀. Èyí kò dá a láre. Ṣùgbọ́n n kò lè pe oúnjẹ nìkan ní ìtọ́jú mọ́.

Bàbá, ó wá kan ìbéèrè yín. Ẹ lẹ́tọ̀ọ́ láti bi wá ju ẹnikẹ́ni lọ, torí mo mọ̀ pé wọ́n jẹ yín lówó oṣù. ₦500 wa kò lè san án, kódà bí a kò bá bọ́ ológbò kankan. Ẹni tó jẹ gbèsè náà mọ ara rẹ̀. Ẹni tó po májèlé kò sì fún yín ní nǹkan kan, iṣẹ́ ló fi kún iṣẹ́ yín. Àwọn tó ń fi ìbéèrè yín ṣe wá ní yẹ̀yẹ́ lórí fóònù, ṣé ẹ rí ọ̀kan nínú wọn nígbà tí ẹ ń gbẹ́ kòtò?

Ológbò aláwọ̀ eérú kan là á já, torí kò sí nítòsí lọ́jọ́ náà. Ó ti tún lóyún, ó sì jọ pé kò ní pẹ́ bí. A ti kọ lẹ́tà sí ọ́fíìsì tó lẹ ìwé mọ́ ògiri: àgò méjì la tọrọ, àti mọ́tò fún ọjọ́ kan ṣoṣo. Ọ̀sẹ̀ kẹta rèé, wọn kò tíì fèsì.