Ẹ Pe Òbí Lálẹ́ Ọjọ́ Náà Gan-an

Bí ọjọ́ àwọn ọmọdé, ọjọ́ 27, oṣù Karùn-ún, bá ti ń kù sí dẹ̀dẹ̀, tàbí tí ayẹyẹ òmìnira bá ń wọlé bọ̀, ìró ìlù àti fèrè máa ń gba àgbàlá ilé-ẹ̀kọ́ kan ní Ìbàdàn, láti Bódìjà títí dé Challenge. Àwọn ọmọ bándì á máa gbé ẹsẹ̀ sí ìlù lẹ́yìn tí àwọn ẹgbẹ́ wọn ti lọ sílé, wọ́n á nu fèrè títí yóò fi máa kọ mànà, àwọn ìyá á sì máa wá ìbọ̀sẹ̀ funfun àti ìbọ̀wọ́ kiri Dùgbẹ̀. Lọ́jọ́ náà, bọ́ọ̀sì á kó wọn lọ sí pápá ìṣeré Ọbáfẹ́mi Awólọ́wọ̀ ní Ring Road, èyí tí àwọn àgbà Ìbàdàn ṣì ń pè ní Liberty. Àwọn mìíràn á ré kọjá ibẹ̀ lọ sí Èkó tàbí Òṣogbo, wọ́n á sì sùn síta. Oorun ìta yẹn ló ń kọ mí lóminú. Bí ọmọ bá hùwà tí kò tọ́ níbẹ̀, tàbí tí ẹlòmíràn hùwà tí kò tọ́ sí i, òbí rẹ̀ gbọ́dọ̀ gbọ́ lálẹ́ ọjọ́ náà gan-an, kó sì jẹ́ láti ẹnu olùkọ́ tó kó wọn lọ. Mi ò sọ pé kí wọ́n dúró dìgbà tí bọ́ọ̀sì bá padà dé. Mi ò sì sọ pé kí ìgbìmọ̀ kọ́kọ́ jókòó.

Ohun tó ṣẹlẹ̀ sí ilé-ẹ̀kọ́ Chrisland ti Èkó kò tíì kúrò lọ́kàn ọ̀pọ̀ òbí. Nínú oṣù Kẹta, 2022, wọ́n kó àwọn akẹ́kọ̀ọ́ lọ sí ìdíje eré ìdárayá ní Dùbáì. Àwọn ọmọ kan ṣe ìṣekúṣe níbi tí wọ́n wọ̀ sí, fóònù sì ká a sílẹ̀. Ọmọbìnrin ọlọ́dún mẹ́wàá wà nínú fídíò náà. Ilé-ẹ̀kọ́ ní eré àwọn ọmọdé ni wọ́n fi bẹ̀rẹ̀, ìyá ọmọ náà ní wọ́n fipá bá ọmọ òun lò pọ̀ ni, àwọn òbí rẹ̀ sì fẹ̀sùn kan ilé-ẹ̀kọ́ pé ó ṣe àyẹ̀wò oyún fún ọmọ náà láìgba àṣẹ lọ́wọ́ wọn. Èmi kọ́ ni n ó dájọ́ láàárín wọn. Ohun tí kò ní àríyànjiyàn nínú ni pé oṣù Kẹrin ti dé ìdajì kí ọ̀rọ̀ náà tó bú síta, orí fóònù àwọn èèyàn ló sì ti bú jáde, níbi tí ẹnikẹ́ni kò ti lè kó o mọ́. Ní ọjọ́ 18 oṣù náà, ìjọba ìpínlẹ̀ Èkó ti gbogbo ilé-ẹ̀kọ́ Chrisland tó wà lábẹ́ rẹ̀ pa. Nǹkan bí ọ̀sẹ̀ kan ni ẹgbẹẹgbẹ̀rún ọmọ tí kò mọ ọ̀nà Dùbáì fi jókòó sílé. Ìjọba tún ní láti máa kìlọ̀ fún àwọn àgbàlagbà pé ẹ̀wọ̀n ọdún 14 wà fún ẹni tó bá ń pín irú fídíò ọmọdé bẹ́ẹ̀ kiri. Ẹ ro ibi tí ọ̀rọ̀ dé ná: ọ̀rọ̀ tó yẹ kí òbí mẹ́rin tàbí márùn-ún gbọ́ lóru, tí wọn ì bá sunkún lé lórí nínú yàrá, gbogbo ayé ló fojú rí i kó tó yanjú.

Bándì náà ní ìtàn tirẹ̀. Ní ọjọ́ 19, oṣù Kọkànlá, 2011, ẹgbẹ́ bándì yunifásítì Florida A&M, Marching 100 tí òkìkí rẹ̀ kàn káàkiri Amẹ́ríkà, lọ ṣeré níbi ìdíje bọ́ọ̀lù kan ní ìlú Orlando. Nígbà tí eré parí, ọ̀kan nínú àwọn aṣáájú bándì náà, ọ̀dọ́mọkùnrin ẹni ọdún 26, wọ Bọ́ọ̀sì C tí wọ́n gbé dúró síta hòtẹ́ẹ̀lì. Àṣà inú bọ́ọ̀sì yẹn ni pé ẹni tó bá fẹ́ kí ẹgbẹ́ bọ̀wọ̀ fún òun á rìn láti iwájú lọ sẹ́yìn, àwọn tó kù á sì máa fi ẹ̀ṣẹ́ àti igi ìlù lù ú bó ti ń kọjá. Ó dé ẹ̀yìn bọ́ọ̀sì o, ṣùgbọ́n ilẹ̀ ọjọ́ kejì kò mọ́ bá a. Ààrẹ yunifásítì náà fipò sílẹ̀ ní 2012, bándì kò jáde mọ́ títí di 2013, ẹni tí wọ́n ní ó jẹ́ olórí Bọ́ọ̀sì C sì gba ẹ̀wọ̀n tó lé ní ọdún mẹ́fà ní 2015. Èyí tó dùn mí jù níbẹ̀ ni pé ní ọ̀sẹ̀ díẹ̀ ṣáájú ikú yìí, olùdarí bándì náà ti dá ọmọ ẹgbẹ́ 26 dúró nítorí irú ìwà yìí kan náà. Àwọn àgbà mọ̀. Abẹ́lé ni wọ́n ti ń fìyà jẹ ẹni tó ṣẹ̀, bọ́ọ̀sì sì tún gbéra.

Lóòótọ́, ọmọ yunifásítì ni àwọn yẹn, wọ́n ti tójú bọ́. Ṣùgbọ́n ẹ wo bí bọ́ọ̀sì ilé-ẹ̀kọ́ girama ṣe ń rí nígbà tó bá ń bọ̀ lálẹ́. Olùkọ́ méjì wà níwájú lẹ́gbẹ̀ẹ́ awakọ̀, ó ti rẹ̀ wọ́n, ọ̀kan ti ń tòògbé. Ìlù ńlá dí ojú ọ̀nà àárín pẹ̀lú kúlà omi àti àpò aṣọ, ẹni tó bá fẹ́ lọ sẹ́yìn á kọ́kọ́ gbé nǹkan mẹ́ta kúrò lọ́nà. Ẹ̀yìn ni àwọn géńdé kíláàsì àgbà jókòó sí, wọ́n sì ti pa iná. Ọmọ JS 1 tí wọ́n ní kó wá jókòó láàárín wọn kò ní ẹni tí yóò ké sí. Bọ́ọ̀sì yẹn lè jẹ́ ti Florida, ó sì lè jẹ́ èyí tó ń bọ̀ lójú ọ̀nà Èkó sí Ìbàdàn.

Àwọn ọ̀gá ilé-ẹ̀kọ́ á ní orúkọ rere ni àwọn ń dáàbò bò. Ọ̀rọ̀ náà nítumọ̀, pàápàá fún ilé-ẹ̀kọ́ aládàáni. Ní Bódìjà tàbí Àgbowó, ilé-ẹ̀kọ́ mìíràn kò jìnnà. Òbí tó bá bínú lónìí, ó lè kó ọmọ rẹ̀ lọ ibòmíràn ní táàmù tó ń bọ̀. Ṣùgbọ́n ta ló ṣì lè fi irú ọ̀rọ̀ yìí pamọ́ láyé fóònù? Ọ̀rọ̀ náà yóò dé etí òbí dandan. Ohun tó kù fún ilé-ẹ̀kọ́ láti yàn ni ẹnu tí òbí yóò ti gbọ́ ọ. Òbí tó bá gbọ́ lẹ́nu olùkọ́ á gbà pé wọ́n ń ṣọ́ ọmọ òun, èyí tó bá gbọ́ lẹ́nu aládùúgbò kò ní gba ohunkóhun gbọ́ mọ́, ìbáà jẹ́ òótọ́. Àwọn baba wa ní ọmọ ọlọ́mọ là ń rán níṣẹ́ dé tòru-tòru. Ilé-ẹ̀kọ́ tó gba owó ọkọ̀, tó kó ọmọ ọlọ́mọ dé òru, tí kò wá ní jẹ́ kí ọlọ́mọ mọ ohun tó ṣẹlẹ̀ lóru náà, ibi tí òwe yẹn ń bá wí gan-an ló wà.

Ẹ̀rù tí àwọn olùkọ́ ń bà fẹsẹ̀ múlẹ̀ ju ti àwọn ọ̀gá lọ, mi ò sì ní fojú kéré rẹ̀. Àwọn òbí kan wà tí ọmọ wọn kì í jẹ̀bi láéláé. Bí olùkọ́ bá pè wọ́n láago mẹ́wàá alẹ́, ilẹ̀ kò ní tíì mọ́ tí orúkọ rẹ̀ yóò fi wà lórí WhatsApp, wọ́n sì lè kó èèyàn wá bá a jà ní géètì ilé-ẹ̀kọ́. Ohun tó fa èyí ni pé àdéhùn kò sí nílẹ̀ kí bọ́ọ̀sì tó gbéra. Ó yẹ kí ẹgbẹ́ òbí àti olùkọ́ ti fẹnu kò pé a ó máa pe òbí, àti pé òbí tí a bá pè kò gbọ́dọ̀ fi ìpè náà ṣe ìjà. Olùkọ́ náà kò sì ní dá ẹjọ́ lórí fóònù. “Ẹ káalẹ́ o, Màmá. Ọmọ yín wà lọ́dọ̀ mi báyìí, ara rẹ̀ le. Wọ́n bá òun àti àwọn méjì kan nínú yàrá tí kò yẹ kí wọ́n wà. A ti yà wọ́n sọ́tọ̀, olùkọ́ obìnrin ni yóò sùn tì í. Ẹ lè bá a sọ̀rọ̀ báyìí. Púríńsípà náà máa pè yín kí ẹ tó sùn.” Kò gba ìṣẹ́jú méjì. Kò dárúkọ ọmọ ẹlòmíràn, kò pe ẹnikẹ́ni ní oníṣekúṣe, kò sì fi ohun tí ojú olùkọ́ rí pamọ́.

Àtakò kan tún wà tí mo ti rò lọ rò bọ̀: bí àwọn ọmọ bá mọ̀ pé òbí yóò gbọ́, wọn kò ní fẹjọ́ sun olùkọ́ mọ́. Ó lè rí bẹ́ẹ̀ fún ẹni tó ṣẹ̀. Ṣùgbọ́n ọmọ tí wọ́n ṣẹ̀, ohun tó ń pa á lẹ́nu mọ́ ni pé ó mọ̀ pé bí òun bá sọ, àárín àwọn géńdé kan náà ni wọn yóò tún dá òun padà sí. Bó bá mọ̀ pé ohùn ìyá òun ni òun yóò gbọ́ lẹ́yìn tí òun bá sọ ọ́, ọkàn rẹ̀ á balẹ̀ láti sọ ọ́. Bó bá sì jẹ́ ìtìjú ọmọ la ń rò, ó ní ààlà tirẹ̀. Òfin ẹ̀tọ́ ọmọdé tí Nàìjíríà ṣe ní 2003, tí ìpínlẹ̀ Ọ̀yọ́ sì sọ di tirẹ̀ ní 2006, fi ire ọmọ ṣáájú ohun gbogbo, ó sì dáàbò bo àṣírí rẹ̀, kódà bó bá ṣẹ̀. Òbí la ní kí ẹ pè. A kò ní kí ẹ gbé ọmọ sórí pèpéle lórí ìlà òwúrọ̀ Mọ́ńdè, kí ẹ na án níṣojú gbogbo ilé-ẹ̀kọ́ kí ẹnikẹ́ni tó wádìí ohun tó ṣe.

Àwọn kan ti sọ pé kí wọ́n kúkú fòpin sí ìrìn-àjò ilé-ẹ̀kọ́. Mi ò gbà. Láti oṣù Kẹfà, 2021, rélùwéè tuntun ti ń gbé èrò láti Mọníyà dé Èkó, ọmọ Ìbàdàn tó fi fèrèsé rẹ̀ wo igbó àti odò tí kò rí rí kò ní gbàgbé rẹ̀. Ọmọ bándì tó kọ́kọ́ fọn fèrè níwájú èrò tí kò mọ̀ ọ́n á padà wálé pẹ̀lú ìgboyà tí kíláàsì kò lè fún un.

Ìwé ìyọ̀ǹda ni ká ti bẹ̀rẹ̀, ìwé kékeré tí òbí ń fọwọ́ sí. Iye owó ọkọ̀ máa ń wà níbẹ̀, àti aago tí bọ́ọ̀sì yóò gbéra, àti pé kí ọmọ mú fìlà àti oúnjẹ ọ̀sán dání. Kí ilé-ẹ̀kọ́ kọ ìlà méjì sí i kún un: orúkọ àti nọ́ńbà olùkọ́ tí kò ní pa fóònù rẹ̀ lóru, àti nọ́ńbà òbí tí olùkọ́ náà lè pè láago méjì òru tí yóò sì gbé e. Kí òbí tí kò bá rí ìlà méjèèjì dá ìwé náà padà láìfọwọ́ sí i, títí wọn yóò fi kọ wọ́n síbẹ̀.