Ahọ́n Kì í Mọ Ọtí Apani

Ìgò ọtí kan péré, dọ́là Amẹ́ríkà 795,000! Owó tí olówó kan san nìyẹn ní gbàǹjo ní Hong Kong, lóṣù kẹjọ ọdún 2020. Ẹlòmíì á ní, "Àbí wúrà ni wọ́n dà sínú ẹ̀ ni?" Rárá o. Wisikí ilẹ̀ Jàpáànù ni, Yamazaki lorúkọ ẹ̀, ọdún 55 ló sì lò nínú àgbá igi. Lọ́dún 1960, tí Nàìjíríà gba òmìnira, ni wọ́n ti sè lára ẹ̀, tí wọ́n rọ ọ́ sínú àgbá, tí wọ́n dé e pa.

Àgbá yẹn gan-an ló nìtàn. Igi óákù ilẹ̀ Jàpáànù ni, mizunara ni wọ́n ń pè é. Igi yìí kì í kánjú dàgbà: ó máa ń tó igba ọdún kó tó ṣeé fi kan àgbá. Wọn kì í sì í fẹ́ ẹ tẹ́lẹ̀, torí pé ó máa ń jò. Ogun Àgbáyé Kejì ló sọ ọ́ di dandan, nígbà tí àgbá òkèèrè kò rọ́nà wọlé mọ́. Níbẹ̀rẹ̀, igi ṣáá ni wọ́n ń gbọ́ lẹ́nu. Ìgbà tó lé lógún ọdún nínú àgbá ló tó bẹ̀rẹ̀ sí í ta sánsán bíi tùràrí. Sùúrù ló sọ igi tó ń jò dowó.

Ẹni tó mọ̀ ọ́n tọ́ wò kì í gbé e mì gbìn-ín bí ẹni ń mu àgbo ibà. Yóò da díẹ̀ sínú ife, yóò gbóòórùn rẹ̀, yóò kán omi díẹ̀ sí i, kó tó fi kan ahọ́n. Àwọn tó fi í ṣiṣẹ́ ṣe tilẹ̀ máa ń tu ú dànù.

Ajégúnlẹ̀ náà mọ ọtí tọ́ wò. Ògógóró ni tiwọn. Ẹmu ògùrọ̀ tó ti kan ni wọ́n ń gbé kaná nínú dọ́ọ̀mù. Ooru rẹ̀ á gba páìpù kọjá nínú omi tútù, á wá máa kán tó, tó, tó. Ìlàjẹ, Ìjọ̀, Urhobo, odò ni wọ́n ti gbé iṣẹ́ náà wá. Láyé ìjọba Gẹ̀ẹ́sì, ẹ̀wọ̀n ń bẹ fẹ́ni tí wọ́n bá ká a mọ́ lọ́wọ́. Jíìnì òkèèrè tó ń sanwó ibodè ni ìjọba fẹ́ kí aráyé mu.

Ní Jàpáànù, inú igi ni wọ́n ń rọ ọtí sí. Ní Ajégúnlẹ̀, inú ọtí ni wọ́n ń ki igi bọ̀: èèpo igi, egbò, ọ̀pá ẹ̀yìn, jẹ̀díjẹ̀dí. Ìyá olóògógóró á mi ìgò: "Bàbá, ẹ wo ìfófó ẹ̀!" Bàbá á tọ́ ọ wò, á dijú: "Ìyá, èyí gbóná." Ẹlòmíì á ṣáná sí i. Bó bá ti jó, ó parí, ojúlówó ni.

Kò parí o! Lóṣù kẹrin ọdún 2015, ní Òde-Ìrèlè, ìpínlẹ̀ Òǹdó, orí bẹ̀rẹ̀ sí í fọ́ àwọn èèyàn, ojú wọn ń ṣú, wọ́n ń dákú. Kó tó di ọjọ́ kejì, ikú ti dé. Àwọn tó kú lé ní mẹ́wàá. Àwọn kan ní òrìṣà ìlú ló ń bínú. Àyẹ̀wò tí wọ́n ṣe ní LUTH, Ìdí-Àràbà, ló tú àṣírí: methanol ni, inú ògógóró ló sì wà. Ó tún pa èèyàn ní ìpínlẹ̀ Rivers. Lóṣù kẹfà, ìjọba àpapọ̀ fòfin dè é. Síbẹ̀, wọ́n ṣì ń tà á.

Methanol yìí máa ń wà nínú sípírítì tí káfíńtà fi ń po pọ́líìṣì. Bó bá ti wọnú ọtí, bí ọtí ló ń ta lẹ́nu, bí ọtí ló ń jó. Ìfófó ò lè tú u fó, iná ò lè tú u fó. Ahọ́n tó mọ mizunara tọ́ wò jù láyé gan-an ò lè dá a mọ̀.

Olówó Hong Kong yẹn kò gbára lé ahọ́n. Ó mọ ilé tí ọtí rẹ̀ ti jáde àti ọdún tí wọ́n sè é. Kí ìyá olóògógóró náà mọ ẹni tó ń sè fún un, kó mọ ohun tó ti wà nínú dọ́ọ̀mù ẹ̀ tẹ́lẹ̀. Ọtí tó bá ṣàdédé pọ̀kú, kó má gbà á.

Ẹni tó bá sì mutí lánàá, tí ojú ẹ̀ ń ṣú lónìí, kì í ṣe epo pupa ló kàn. Ilé ìwòsàn ló kàn, torí oògùn ẹ̀ wà níbẹ̀ fẹ́ni tó bá tètè dé. Wàrà-wàrà là á yọ oró iná.