Ẹ Má Di Ẹ̀bi Sítíárìn Ru Òtútù Mọ́

Ẹ̀yin ará wa tí ẹ ń wa ọkọ̀ ní Ṣìkágò, ẹ̀yin tí ẹ ń gbé èrò lóru àti ẹ̀yin tí ẹ ń jáde lọ síbi iṣẹ́ ní aago márùn-ún ìdájí, ẹ̀yin ni mo ń bá sọ̀rọ̀. Gbólóhùn kan ti wọ̀ wá lẹ́wù jù: "Òtútù ni. Jẹ́ kí ọkọ̀ gbóná, sítíárìn á rọ̀." À ń sọ ọ́ fún ara wa, à ń fi kọ́ ọmọ tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ti ilé dé. Irọ́ ni, owó wa ló sì ń jẹ.

Ẹ wo ibi tí ẹ ń gbé ọkọ̀ sí láàárọ̀ oṣù Kìíní. Ọkọ̀ méjì sun ìta lábẹ́ yìnyín kan náà. Ẹni kan ń fi ọwọ́ kan yí sítíárìn tirẹ̀, ẹnìkejì ń fi ọwọ́ méjèèjì àti èjìká bá tirẹ̀ jìjàkadì. Bó bá jẹ́ òtútù ló ń mú un le, kí ló dé tí kò fi mú ti ẹni àkọ́kọ́?

N kò sọ pé òtútù kì í ṣe nǹkan kan. Ọ́ìlì a máa ki bó bá tutù. Ní ọjọ́ 30 oṣù Kìíní ọdún 2019, òtútù ìlú yìí já sí 23 lábẹ́ òdo lórí òṣùwọ̀n Fahrenheit. Nínú irú òtútù bẹ́ẹ̀, sítíárìn tí ara rẹ̀ dá ṣáká náà lè wúwo fún ìṣẹ́jú kan tàbí méjì. Èyí tó bá pẹ́ jù bẹ́ẹ̀ lọ, tó ń ké, tó ń jo, tàbí tó ń le sí i lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀, àìsàn ti wà lára rẹ̀ tipẹ́. Òtútù kàn ká a mọ́ ni.

Èyí tó ń dùn mí jù ni ti àwọn tó ń fi gbólóhùn yìí tu ara wọn nínú lórí ọkọ̀ tí kò ní ọ́ìlì sítíárìn rárá. Corolla ti 2009 síwájú níhìn-ín, àti Camry ti 2012 síwájú, mọ́tò oníná ló ń bá awakọ̀ yí i. Ọ́ìlì wo ló wá ki níbẹ̀? Bátìrì tó ti rẹ̀ ni kí ẹ kọ́kọ́ wò, àti orí rẹ̀ tó ti dípẹtà, àti iná ìkìlọ̀ tó tàn níwájú yín tí ẹ kò kà sí.

Táyà ńkọ́? Bí ojú ọjọ́ bá fi ìwọ̀n 10 Fahrenheit tutù sí i, afẹ́fẹ́ táyà á dín ní nǹkan bí 1 lójú géèjì. Táyà tí ẹ fẹ́ sí 35 nígbà tí ojú ọjọ́ wà ní 70, á ti wálẹ̀ sí nǹkan bí 28 bó bá di òdo. Táyà tó rọ̀ ń mú sítíárìn le. Owó táṣẹ́rẹ́ ni afẹ́fẹ́.

Nínú ọkọ̀ ọlọ́ìlì, ẹ tẹ́tí. Bó bá ń han gooro bí ẹ ṣe yí i dópin, bẹ́líìtì ló ń yọ̀. Bó bá ń kùn bí oyin, tí ọ́ìlì inú ike sì ń yọ ìfófòó, afẹ́fẹ́ ló ń wọlé: ọ́ìlì ti lọ sílẹ̀, tàbí rọ́bà ẹnu páìpù ti gan. Ẹ má sì da èyí tó bá ti wà nílé sí i. Honda ní ọ́ìlì tirẹ̀. Ọ̀pọ̀ Toyota àtijọ́ ń lo ATF, ọ́ìlì pupa tí wọ́n ń dà sí gíà. Ẹ ka ohun tí wọ́n kọ sórí ìdérí.

Ṣùgbọ́n bó bá jẹ́ pé yíyí sọ́wọ́ ọ̀tún nìkan ló ń le láàárọ̀, tàbí sọ́wọ́ òsì nìkan, tó sì máa ń rọ̀ bí ọkọ̀ bá gbóná, ráàkì, ẹ̀rọ tó ń gba agbára sítíárìn dé táyà iwájú, ni kí ẹ fura sí. Àwọn òrùka tó ń dí ọ́ìlì nínú rẹ̀ ti jẹ ilé tí wọ́n ń yí nínú rẹ̀. Bí wọ́n bá tutù, wọn kì í lè dí i mọ́, ọ́ìlì á gba ẹ̀gbẹ́ kọjá. Ó pọ̀ lára ọkọ̀ General Motors ti àwọn ọdún 1980 débi pé àwọn mẹkáníìkì Amẹ́ríkà fi orúkọ èébì àárọ̀ aláboyún pè é. Mo ti jìyà rẹ̀ rí. Odindi òtútù ọdún kan ni mo fi ń sọ pé á rọ̀. Nígbà tí kò rọ̀ mọ́, mẹkáníìkì kan bá mi pààrọ̀ pọ́ńpù ọ́ìlì sítíárìn; àárọ̀ ọjọ́ kejì, bákan náà ni. A fi ẹ̀tẹ̀ sílẹ̀, à ń pa làpálàpá.

Kì í sì í ṣe owó nìkan ló wà níbẹ̀: ọ́ìlì tó ń jo sórí páìpù èéfín tó gbóná lè gbiná. Ẹ̀yin òbí tí ẹ ń fi ọkọ̀ ọlọ́ìlì gbé ọmọ lọ síléèwé, mo bẹ̀ yín, ẹ ṣí bónẹ́ẹ̀tì lọ́la kí ẹ tó tan án. Ìlà tí wọ́n kọ COLD sí lára ike ọ́ìlì sítíárìn ni kí ẹ wò.